Àsíá Tó Doríkodò ní Okaishie

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ojú lọ́nà mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Accra níbí. Mo kúnlẹ̀ kí màmá mi pẹ̀lú, nítorí mo mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ yín ni wọn yóò jókòó sí bí ẹ bá ti ń ka lẹ́tà yìí, tí wọn yóò máa ní kí ẹ padà sẹ́yìn, pé ẹ ti fo ibì kan. Mo kí ìyá àgbà. Ṣé wọ́n ṣì máa ń fi Twi bú ewúrẹ́ tó bá yọjú sí ilé ìdáná? Nígbà tí mo wà ní kékeré, èdè tí wọ́n dìídì dá fún ewúrẹ́ ni mo pè é. Ìgbà tí mo dé ibí ni mo gbọ́ ọ lẹ́nu ènìyàn, tí mo rí i pé wọ́n fi ń ná ọjà, wọ́n sì fi ń gbàdúrà. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ ọ lójijì lẹ́yìn mi, màá kọ́kọ́ wò ó bóyá ewúrẹ́ kan ń kọjá.

Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Accra ni ẹ ó ti ka èyí, tí kì í ṣe inú àpòòwé. Ẹ̀gbọ́n yín, Ìyá Ràmátù, tí mo ń gbé lọ́dọ̀ wọn, ló ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀. Wọ́n ní àwọn bàbá bíi tiyín pọ̀ nílé, tí wọ́n gbé kúrò ní Ghana ní kékeré, tí wọn kì í sì í mẹ́nu bà á. Kò dá mi lójú pé ohun tí mo fẹ́ sọ tó ohun tí ènìyàn ń tẹ̀ sínú ìwé. Ẹ mọ̀ mí, nǹkan kì í tètè dá mi lójú.

Ẹ bi mí ní ìbéèrè kan lórí fóònù. Ẹ ní bí sáà yìí bá parí, ṣé kí ẹ bá mi wá ààyè sí ilé ẹ̀kọ́ gíga kan nítòsí ilé, kí n máa bọ̀. Ẹ ní ọ̀rọ̀ owó kọ́, ọkàn yín ni kò balẹ̀. Mo ní nẹ́tíwọ̀kì ò dára, pé ohùn yín ń já. Mo gbọ́ yín dáadáa, bàbá mi. Ìdáhùn ni kò sí lẹ́nu mi. Lẹ́tà yìí ni mo fi ń wá a.

Ọyẹ́ ti lọ níbí. Ooru ti jókòó, ó ti na ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, atẹ́gùn kan máa ń ti ọ̀nà òkun wá, iyọ̀ wà lára rẹ̀, gbogbo ohun tí wọ́n sá sórí okùn ní àdúgbò wa, Adabraka, á sì gbéra lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni pé wọ́n fẹ́ fò lọ. Mo fẹ́ràn àkókò yẹn. Mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, n kò ní ṣe ohunkóhun. Ní àárọ̀, ọkọ̀ akérò tí wọ́n ń pè ní tiro-tiro ni mò ń wọ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Mo máa ń jókòó ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, mo sì máa ń fi orúkọ ibùdókọ̀ mi ṣe ìdánrawò nínú ọkàn, kí n lè sọ ibi tí mo ti fẹ́ sọ̀ kí ọkọ̀ tó dé ibẹ̀, nítorí bí mo bá pẹ́ sọ ọ́, gbogbo ọkọ̀ ni yóò yíjú wò mí. Ìgbà míì wà tí n kò lè sọ ọ́ rárá, màá kàn jẹ́ kí ó gbé mi kọjá, màá sì fi ẹsẹ̀ rìn padà.

Ní kíláàsì, ẹ̀yìn ni mo ń jókòó. Wọ́n mọ̀ pé Alata ni mí, bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo àwa tí a ń sọ Yorùbá nìyẹn. Wọn kì í fi ìkà pè é. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn kò bá ní orúkọ míì lẹ́nu àwọn tó yí i ká, orúkọ bẹ́ẹ̀ máa ń wúwo díẹ̀. Ẹ̀rù ló ń mú mi kàwé. Mo máa ń ka ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi mí. Báyìí ni mo ṣe há ìtumọ̀ àsíá Ghana sórí láti inú ìwé kan tí olùkọ́ wa ní kí a ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Mo mọ ohun tí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan dúró fún. Mo mọ̀ pé obìnrin ló ya àsíá náà, mo sì mọ̀ pé ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ló ya tiwa, tí òun náà wà ní ilẹ̀ àjèjì nígbà yẹn. Èyí dùn mọ́ mi. Mo rò ó títí: ọmọ kan ní ìlú olótùútù, tó ń ro ilé, tó sì fi àwọ̀ ewé kun ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kò ní àwọ̀. Eérú ni gbogbo rẹ̀. Ìràwọ̀ dúdú àárín rẹ̀ dà bí ìgbà tí epo kán sórí bébà.

Ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n ṣe ayẹyẹ òmìnira níbí, ni Ìyá Ràmátù gbé àsíá tuntun kan lé mi lọ́wọ́. Ọjà Okaishie ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà. Bókẹ́ẹ̀tì, abọ́ àti fúláàsì ni wọ́n ń tà, wọ́n tò wọ́n débi pé ènìyàn gbọ́dọ̀ fi ẹ̀gbẹ́ wọlé. Oòrùn ti pa àsíá tọdún tó kọjá, ó ti ṣá. Wọ́n ní kí n so tuntun mọ́ irin tó wà níta, pé àwọn fẹ́ lọ kí ìrun alásárì. Ràmátù ọmọ wọn ti ru ẹrù oníbàárà kan lọ sí ibi ọkọ̀.

Mo gun àpótí, mo so ó. Bàbá mi, ẹ bá mi rò ó wò. Láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni a ti ń ya àsíá tiwa. Àwọ̀ ewé, funfun, àwọ̀ ewé. Ibi tí o bá ti dì í mú, bákan náà ni. Yí i po, dà á dé, kò sí ẹni tó máa mọ̀. Kò tíì wá sí mi lọ́kàn rí pé àsíá lè ní orí àti ẹsẹ̀. Mo sì máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ara àwọ̀ ewé. Nítorí náà, àwọ̀ ewé ni mo gbé sókè.

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo wò ó, inú mi dùn. Atẹ́gùn òkun dé, ó gbé e, ìràwọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í jó, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà lókè.

Auntie Dede ló kọ́kọ́ rí i. Obìnrin Ga ni, ẹ̀yà tó ni ilẹ̀ Accra, ọṣẹ àti àtíkè ló ń tà ní ṣọ́ọ̀bù tó kàn tiwa, ohùn rẹ̀ sì lè pe ènìyàn láti òdìkejì títì. Ó kígbe pé kí gbogbo ayé wá wò ó, Alata ti fi orí Ghana sọlẹ̀. Ó ní kí ni ìràwọ̀ àwọn mu yó tó fi ń fi orí rìn. Ọkùnrin kan tó ń ti ọmọlanke dúró, ó ní bóyá àwọn ológun ti gba ìjọba ni, tí rédíò kò tíì sọ, kí oníkálukú yáa ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Obìnrin kan tó ń ná bókẹ́ẹ̀tì ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀, pé báyìí ni àwọn ará Nàìjíríà ṣe ń wa mọ́tò wọn náà. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Bí ó bá parí síbẹ̀, èmi náà ì bá rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wà láàrin wọn tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, tó so táì, kò rẹ́rìn-ín. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ kí n lè gbọ́. Ó ní a wá, a jókòó sínú ilé àwọn, a ń jẹun, a ò sì mọ òrùlé ilé yàtọ̀ sí ilẹ̀ rẹ̀. Ó ní ìgbà kan wà tí ilẹ̀ yìí mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe sí irú wa.

Mo rántí ọjọ́ tí ẹ sìn mí dé ibùdókọ̀, tí ẹ di ọwọ́ mi mú, tí ẹ ní kí n máa rọra rìn níbí, kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Ìdí kan ṣoṣo tí ẹ sọ ni pé ẹ mọ ohun tí ẹ ń sọ. Mo dúró lórí ilẹ̀ Okaishie, gbogbo ènìyàn sì ti mọ̀ pé mo wà níbẹ̀.

Ìyá Ràmátù dé, tẹ̀sùbáà wọn ṣì wà lọ́wọ́. Wọ́n wo òkè, wọ́n wò mí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi Ga bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó gbé bàtà wọn sílẹ̀. Ní ìlà ṣọ́ọ̀bù tiwọn, ẹni tó bá ṣẹ̀, ìbáà jẹ́ pé ó gbá ìdọ̀tí síwájú ilé ẹlòmíì, mínírà ni yóò rà fún àwọn aládùúgbò, ọ̀rọ̀ á parí. Wọ́n ní àwọn yóò rà á. Auntie Dede ní mínírà nìkan kò tó lónìí. Ó ní ṣebí Alhaja, ìyẹn Ìyá Ràmátù, ń fi mí yangàn pé yunifásítì ni mò ń lọ. Kí n gun àpótí, kí n fi ọwọ́ ara mi yí i padà, kí n sì sọ ìtumọ̀ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan kí n tó sọ̀ kalẹ̀, kí ọkùnrin tó so táì lè gbọ́.

Mo gùn ún. Mo tú okùn. Mo di ibi pupa mú, mo gbé e sókè níbi tó yẹ kí ó wà, mo ní ẹ̀jẹ̀ àwọn tó jà kí ilẹ̀ yìí lè di ti ara rẹ̀ nìyí. Ohùn mi kéré tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Mo dé ibi àwọ̀ wúrà, mo ní ọrọ̀ tó wà nínú ilẹ̀ ni, ọlọ́mọlanke sì ní kí n bá òun béèrè lọ́wọ́ wọn, ta ló wà nídìí ìpín tòun. Mo ní àwọ̀ ewé ni igbó àti oko. Lẹ́yìn náà mo fọwọ́ kan ìràwọ̀, ọ̀rọ̀ sì tán nínú mi. Eérú orí bébà nìkan ni mò ń rí. Mo ń gbọ́ bí aṣọ náà ṣe ń lu irin.

Ìgbà náà ni ẹnì kan sọ ọ́ láti ìsàlẹ̀, ní Yorùbá, jẹ́jẹ́. Ó ní òmìnira gbogbo Áfíríkà ni, kí n má wo ojú ọkùnrin yẹn, kí n wo ojú òun. Ràmátù ni. Láti ọjọ́ tí mo ti dé, Gẹ̀ẹ́sì ló ń bá mi sọ, Twi ló fi ń dá ìyá rẹ̀ lóhùn, mo sì ti gbà pé ojú rẹ̀ kò gbé mi ni. N kò mọ̀ pé ó ń tijú Yorùbá rẹ̀ bí mo ṣe ń tijú gbogbo nǹkan mi. Ohùn Ogbomọ̀ṣọ́ gan-an ló fi sọ ọ́, bí ẹni pé ìyá àgbà ló dúró níbẹ̀.

Mo wo ojú rẹ̀, mo sọ ọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin tó so táì pòṣé, ó bá tirẹ̀ lọ.

Auntie Dede tún ní ó ku ọ̀kan. Kí ni ìtumọ̀ tiwa? Mo ní àwọ̀ ewé ni ilẹ̀ wa àti oko wa, funfun ni àlàáfíà. Ó dúró kí n máa bá a lọ. Mo ní ó ti tán. Ó ní ó tán báwo? Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Ṣé ẹnikẹ́ni kò fara pa ni? Ọlọ́mọlanke ní ó kéré tán, epo bẹntiróòlù yẹ kí ó wà níbẹ̀. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, wọ́n ṣí mínírà, ọ̀rọ̀ parí lójú wọn.

Kò parí lójú mi. Mo ti ń di ẹrù mi nínú ọkàn. Ọjọ́ kejì, bí mo ti ń darí bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́, oorun gbé mi lọ nínú ọkọ̀. Mo rí i pé gbogbo Accra jẹ́ aṣọ kan ṣoṣo tí atẹ́gùn ń gbé. Erùpẹ̀ pupa ọ̀nà ilé wa ní Ogbomọ̀ṣọ́ wà lókè pátápátá, ó ń kọjá bí awọsánmà. Gàrí elépo tí màmá mi dà sórí àtẹ wà lábẹ́ rẹ̀, igi máńgòrò wa sì wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ewé rẹ̀. Ní àárín, níbi tí ìràwọ̀ yẹ kí ó wà, ọmọ kékeré kan ń rìn, ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí mi. Mo fẹ́ pè é, n kò mọ orúkọ rẹ̀. Ọkọ̀ gbé mi kọjá ibi tí mo ti fẹ́ sọ̀.

Nígbà tí mo rọ́ àlá yìí fún Ìyá Ràmátù ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n gbé abọ́ ọwọ́ wọn kalẹ̀. Wọ́n ní ṣé ẹ kò sọ fún mi pé ẹ̀yin náà gbé àsíá Ghana rí ni.

Mo ní n kò gbọ́ ọ rí. Wọ́n wá sọ ọ́. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ kéré jù ní ilé ẹ̀kọ́ yín ní Adabraka, olùkọ́ sì fi yín síwájú nínú àwọn ọmọ tó yan lọ́jọ́ òmìnira, àsíá bébà kan wà lọ́wọ́ yín. Wọ́n ní ẹ ti ń yan nínú ọgbà ilé láti ọjọ́ pípẹ́ ṣáájú, tí ìyá àgbà fi ní bí ẹ kò bá jókòó, àwọn yóò ṣẹ́ igi àsíá náà. Ọdún yẹn náà ni ìjọba Ghana ní kí àwọn àlejò tí kò níwèé máa lọ. Wọ́n ní nínú lọ́rì, láàrin ẹrù àti ènìyàn, ẹ kò ju àsíá náà sílẹ̀. Ooru mú, ọwọ́ yín ń làágùn, nígbà tí ẹ ó fi dé Ogbomọ̀ṣọ́ bébà náà ti rún, àwọ̀ rẹ̀ sì ti ṣí sí yín ní àtẹ́lẹwọ́. Ìyá àgbà bu omi, wọ́n fi kànrìnkàn fọ ọwọ́ yín. Wọ́n ní ẹ sunkún, ẹ ní kí wọ́n má fọ Ghana kúrò lọ́wọ́ yín. Láti ọjọ́ náà, wọ́n ní, ẹ kò tún dárúkọ rẹ̀ mọ́.

Bàbá mi, mo ti mọ ìdí tí ọkàn yín kò fi balẹ̀. Mo sì rò pé mo ti rí ìdáhùn fún Auntie Dede, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò lè fi síwájú olùkọ́ kankan. Ó béèrè pé ẹ̀jẹ̀ àsíá tiwa dà. Bóyá ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ ló wà nínú funfun yẹn. Àwọ̀ ewé kan ni Ogbomọ̀ṣọ́ tó gbà yín. Àwọ̀ ewé kejì ni Adabraka tí ẹ ti yan. Láàrin méjèèjì, ẹ dákẹ́ títí ó fi funfun. Mo ti gbé inú ilé yẹn dàgbà, inú funfun yẹn, mo sì rò pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ọkùnrin tó so táì yẹn ṣì ń kọjá ní Okaishie. Mo ṣì ń bẹ̀rù rẹ̀. Ó kọjá lánàá, ó wo òkè, ó wo àsíá náà dáadáa, kò rí nǹkan kan sọ. Ràmátù fi Yorùbá sọ fún mi pé ojú tì í, Ràmátù ṣi ohùn ọ̀rọ̀ náà pè díẹ̀, n kò sì tún un ṣe.

Nítorí náà, ìdáhùn mi rèé: ẹ má bá mi wá ààyè. Mo fẹ́ dúró. Ọkàn mi kò balẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n mo fẹ́ dúró. Ní àárọ̀ yìí mo pe ibi tí mo ti fẹ́ sọ̀ nínú ọkọ̀, mo pè é sókè, awakọ̀ sì dúró.

Mo fi ohun kan bẹ̀ yín. Nígbà tí ọjọ́ òmìnira wọn bá tún yí po, ẹ wá. Ìyá Ràmátù ní yàrá wà, Auntie Dede sì ní òun fẹ́ rí bàbá tó bí mi. Èmi yóò gun àpótí, ẹ̀yin ni ẹ ó na àsíá sí mi. N kò ní nílò kí ẹnikẹ́ni sọ ibi tó jẹ́ orí rẹ̀ fún mi, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ̀yin sọ ọ́. Aṣọ gidi ni wọ́n fi ṣe èyí, bàbá mi. Kì í ṣí lọ́wọ́.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa nínú àlàáfíà ara. Kí ó fún màmá mi ní ìsinmi lẹ́yìn làálàá, kí ó sì jẹ́ kí ìyá àgbà rí ọjọ́ tí mo bá padà wá bá wọn fi Twi lé ewúrẹ́. Ẹ bá mi kí àwọn àbúrò mi, ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé àti ará àdúgbò, láì fi ẹnì kan sílẹ̀. Ìyá Ràmátù kí yín. Ràmátù náà kí yín, ó ní kí n kọ ọ́ pé ní Yorùbá lòun fi kí yín.

Èmi ni ọmọ yín tí ń retí yín,
Sẹ̀kínátù